Ọwọ́ Tí Ń Tún Àwòrán Ṣe

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi sọ́kàn kí ó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì láti tún àwòrán tí ó ti gbó ṣe. Aṣọ tuntun kò ṣòro láti rí. Owó ni a fi ń rà á. Ṣùgbọ́n àkísà, ọjọ́ ni ó ń sọ aṣọ dà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọjà tí a ti ń ná ọjọ́. Ẹni tí ó bá da àkísà àgbà nù nítorí pé ó fẹ́ kí ilé mọ́, ohun tí owó kò lè rà padà ni ó dànù.

Iṣẹ́ méjì ni àwọn ènìyàn ń pè ní àtúnṣe. Èkínní ni kí a kun nǹkan lákọ̀tun, kí ó lè tún bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Èkejì ni kí a tọ́jú èyí tí ó ti wà, kí a dí ojú ibi tí ó ti jẹ, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ bí a ti bá a. Orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò papọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìwà rere nínú ọ̀kan lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú èkejì. Ìlú Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, jẹ́ ibi kan tí ìyàtọ̀ yìí ti lè hàn kedere sí ẹni tí ó bá lajú wò ó.

Abidjan kì í ṣe ìlú àjèjì sí etí Yorùbá. Ó pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò àti ti àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè Ọ̀ṣun ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ọ̀hún sì gbọ́ èdè Faransé àti Yorùbá pọ̀. Ẹni tí ó bá dé ibùdókọ̀ Adjamé ní ìlú náà yóò rí àwọn ọkọ̀ èrò kéékèèké tí a ń pè ní gbaka, tí ń kó èrò lọ sí Abobo àti Yopougon. Ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í dákẹ́. Àdúrà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgboyà wà níbẹ̀, àwòrán agbábọ́ọ̀lù tàbí ti olórin tí ayé ń fẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a kọ òwe sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, yóò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fi ara gbá ọkọ̀ mìíràn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú, àwọn tí ń na ara ọkọ̀ yóò nà á títí yóò fi tò, wọn yóò fi pọ́tì dí ojú ọgbẹ́, wọn yóò fi sáńpépà ha á, ayàwòrán yóò sì kun òmíràn lé e. Bí agbábọ́ọ̀lù tí ó wà níbẹ̀ bá ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò gba ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sunkún àwòrán tí ó lọ, nítorí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mówó wọlé, èrò a sì máa fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo irú ọwọ́ yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri ojúbọ ní ibi púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Òrìṣàìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, bí ọdún bá sì yí po, wọn a tún un kùn. Àwòrán èṣí a wọ abẹ́ ti ọdún yìí, kò sì sí ẹni tí yóò ní wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé àwòrán náà kò gbé ara ògiri. Inú orí àti inú ọwọ́ àwọn obìnrin náà ni ó ń gbé. Ògiri kàn jẹ́ ibi tí ó ti ń yọjú sí ayé ni. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá wà, tí ìyá sì ń kọ́ ọmọ, títún kùn ni òótọ́ sí àwòrán.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè nípa àwòrán tí ó bàjẹ́ nìyẹn: níbo ni ó ń gbé? Bí ó bá ń gbé inú ọwọ́ ẹni tí ó wà láàyè, kí a kun ún. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà bá ti lọ, tí ó jẹ́ pé ara pákó nìkan ni àwòrán kù sí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Kò sí ohun tí ó fi èyí hàn bí àpótí eré àtijọ́, èyí tí a ń sọ owó onírin sínú rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Abidjan kò ṣàì mọ eré orí ẹ̀rọ. Ní ọdún 2017 ni a bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún eré náà tí a ń pè ní FEJA ní ìlú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ lónìí ni èyí tí a ń so mọ́ amóhùnmáwòrán tàbí tí a ń fi fóònù ta. Bàbá àwọn eré wọ̀nyí jẹ́ àpótí pákó tí ó ga tó ènìyàn, tí ẹni tí ń ta á a dúró níwájú rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Computer Space jáde ní Amẹ́ríkà, tí Pong sì tẹ̀lé e ní ọdún 1972. Space Invaders dé láti Japan ní ọdún 1978, Pac-Man ní ọdún 1980, Donkey Kong ní ọdún 1981. Nínú gbọ̀ngàn tí ogún tàbí ọgbọ̀n àpótí tò sí, àwòrán ẹ̀gbẹ́ wọn ni ó ń pe oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí ara gbaka ti ń pe èrò ní Adjamé. Bí àwòrán ojú ẹ̀rọ bá kéré tí kò sì ju àmì wẹ́wẹ́ lọ, àwòrán ara pákó ni ó ń sọ fún ènìyàn pé òfuurufú ni ó ń jà tàbí pé ẹranko abàmì ni ó ń lé e bọ̀.

Ohun kan wà tí ó yani lẹ́nu nípa àpótí wọ̀nyí. Eré tí ó wà nínú wọn, èyí tí ènìyàn lè rò pé òun ni ọkàn wọn, ni kò ṣòro láti tọ́jú. Láti ìgbà tí ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ MAME ti jáde ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ti ṣe àdàkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà ní Abidjan sì lè ta Pac-Man lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta á ní ọdún 1980. Ọkàn ni ó yè, ara ni ó ń kú. Ọ̀dà tí òṣìṣẹ́ kan fọ́n sára pákó ní ọjọ́ kan kò ní àdàkọ. Fọ́tò lè sọ bí ó ti rí, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í ṣe òun.

Ọ̀nà tí a gbà fi àwòrán náà sí ara wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Fún ọ̀pọ̀ àpótí tí ilé iṣẹ́ Midway ṣe ní Amẹ́ríkà, bí ti Pac-Man, páálí tí a gé ní ìrísí àwòrán ni òṣìṣẹ́ ń gbé lé pákó, tí yóò fọ́n ọ̀dà kan sí i, tí yóò gbé òmíràn lé e, tí yóò sì fọ́n àwọ̀ mìíràn. Ti àwọn mìíràn jẹ́ títẹ̀ sórí rọ́bà àlẹ̀mọ́, tí a wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó. Aṣàtúnṣe gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, nítorí oògùn tí ó wo ọ̀kan sàn lè pa èkejì.

Ìyà tí ó ń jẹ wọ́n pọ̀. A kò ṣe wọ́n láti pẹ́. Ẹni tí ó rà wọ́n ń retí kí wọ́n mówó wọlé fún ọdún díẹ̀ ni. Àwọn aláàárù a máa fi ẹ̀gbẹ́ wọn gbá ilẹ̀kùn, ọmọ tí eré fìdí rẹ̀ gbálẹ̀ a máa ta wọ́n nípàá, oòrùn ojú fèrèsé a máa fa àwọ̀ wọn, ẹni tí ó ni wọ́n a máa lu ihò sí wọn lára láti fi irin àgádágodo dè wọ́n nítorí olè. Èyí tí ó burú jù ni omi. Púpọ̀ nínú pákó wọn jẹ́ èyí tí a fi ìyẹ̀fun pákó àti àtè pò pọ̀. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá mumi, a wú bí àkàrà inú ọbẹ̀, àwòrán a sì ṣí kúrò lára rẹ̀. Ìlú tí ọ̀sà yí ká bí Abidjan, tí òjò ń rọ̀ púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù fún omi, kò ní ṣàánú irú pákó bẹ́ẹ̀, láì tíì dárúkọ ikán.

Bí a bá gbé irú àpótí yìí lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ara gbaka, kò sí àní-àní pé ọwọ́ rẹ̀ á tó iṣẹ́ náà. Ó mọ ọ̀dà, ó mọ pọ́tì, ojú rẹ̀ sì mú. Ohun tí yóò ṣòro fún un ni láti gbàgbé ohun tí ó ti mọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó bo ohun tí ó wà; èyí sì jẹ́ iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ sá fún bíbò.

Ohun àkọ́kọ́ tí aṣàtúnṣe rere ń ṣe ni pé kì í ṣe nǹkan kan. Yóò wò ó. Yóò ya fọ́tò rẹ̀ yíká, yóò wọn ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ tí kò le nù ún, kọ̀rọ̀ tí ojú kì í tètè dé ni yóò sì ti kọ́kọ́ dán an wò, nítorí ọ̀dà mìíràn a máa bá omi lọ. Bí pákó bá ti wú, yóò jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, yóò ta àtè sínú rẹ̀, yóò sì fi irin há a títí yóò fi dì. Bí ó bá kun ọ̀dà sórí pákó tí ó ṣì ń jẹrà lábẹ́, ẹ̀tàn ni ó ń ṣe. Nígbà tí pákó bá dúró, yóò fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ bo ojú ọgbẹ́ náà, kí ọ̀dà tuntun má baà wọnú ti àtijọ́. Bí ọ̀la bá mú ẹlòmíràn tí ó mọ̀ jù ú lọ wá, ẹni náà yóò lè nu iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò láì ṣe ohun àkọ́kọ́ ní ibi. Ìrẹ̀lẹ̀ nìyí, inú ìgò ni ó sì wà.

Ní ti ìlà àwòrán tí ó ti ṣí lọ, ọgbọ́n kan wà. Lára ọ̀pọ̀ àpótí, àwòrán ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì jẹ́ ìbejì tí wọ́n kọjú sí ara wọn. Bí ọ̀tún bá jẹ, tí òsì sì pé, aṣàtúnṣe yóò gbé bébà tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá lé òsì, yóò fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀, yóò sì yí bébà náà padà kí ó tó gbé e lọ sí ọ̀tún. Báyìí ni òkú ibì kan ṣe ń rí ẹlẹ́rìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò níláti ro nǹkan kan láti inú ara rẹ̀.

Àwọ̀ ni ó le jù. Pupa tí ó wà lára àpótí lónìí kì í ṣe pupa tí ó bá jáde ní ilé iṣẹ́ ní ọdún 1980. Oòrùn ti fà á, èéfín sìgá sì ti pọ́n ọn. Bí aṣàtúnṣe bá ra pupa ti ọdún náà gan-an, ibi tí ó tún ṣe yóò máa pariwo bí ẹni tí ó wọ aṣọ ọdún lọ sí oko. Ó níláti po ọ̀dà rẹ̀ títí yóò fi bá èyí tí ó ti ṣá dọ́gba, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín kàn án sí ojú ibi tí kò sí nǹkan nìkan, láì fi irun kan ṣoṣo rẹ̀ kọjá sórí ọ̀dà àtijọ́. Ó tún níláti ṣọ́ra fún etí àwòrán. Etí àwòrán tí a fi páálí fọ́n kì í mú. Ọ̀dà a máa yọ́ wọ abẹ́ páálí, a sì máa fọ́n ká díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ́ etí náà kí ó lè gún régé ti pa ẹ̀rí ọwọ́ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́, ó sì rò pé àṣìṣe ni òun tún ṣe.

Àìmọ̀ a máa ba nǹkan jẹ́ ju ìwà ipá lọ. Nígbà tí Nintendo mú Donkey Kong jáde ní ọdún 1981, àwọn àpótí eré mìíràn, Radar Scope, tí kò tà ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ yí padà sí i. Pupa ni àwọn àpótí wọ̀nyẹn, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó tẹ̀lé wọn jẹ́ búlúù. Ẹni tí ó bá rí Donkey Kong pupa, tí ó sì kun ún ní búlúù kí ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, ìtàn ni ó pa. Òmíràn sì wà tí àwòrán rẹ̀ kò hàn rárá. Nígbà tí eré kan kò bá mówó wọlé mọ́, ẹni tí ó ni àpótí a máa kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dúdú, a sì fi eré mìíràn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fi sùúrù yọ́ dúdú náà kúrò ní ìwọ̀n ọ̀pá ìka kọ̀ọ̀kan lè bá àwòrán àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ ìhagi ha á ní wákàtí kan yóò bá pákó funfun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn tí ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà ńláńlá ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1939 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún un ní Róòmù, Cesare Brandi sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ọgbọ́n kan: wọn a fi ìlà tín-ínrín-tín-ínrín, tí ó dúró gbọọrọ, kún ojú ibi tí àwòrán ti jẹ. Ẹni tí ó dúró lókèèrè yóò rí àwòrán tí ó pé. Ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn yóò rí ìlà náà, yóò sì mọ èyí tí í ṣe ti àtijọ́ àti èyí tí í ṣe ti aṣàtúnṣe. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ péjọ ní Venice, wọ́n sì fi ẹnu kò pé ibi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti dúró.

Abidjan fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀, tí ó jinlẹ̀ ju ti àpótí eré lọ. Djidji Ayôkwé, ìlù ńlá tí ń sọ̀rọ̀, jẹ́ ti àwọn Ebrié, tí ó ni ilẹ̀ tí a tẹ ìlú náà dó sí. Ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì wọn 430 kílò. Ní ọdún 1916 ni àwọn aláṣẹ Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, a sì wá gbé e lọ sí Paris. Nígbà tí ó di pé a fẹ́ tún igi rẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ṣe, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ kò dédé gbé irinṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn àgbà Ebrié lọ sí musée du quai Branly, wọ́n ṣe ètùtù tí ó yẹ, lẹ́yìn náà ni a tó fọwọ́ kan ìlù náà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn aṣòfin Faransé fọwọ́ sí i pé kí a dá a padà sí Côte d'Ivoire. Àpótí eré kì í ṣe ohun mímọ́, kò sì bèèrè ètùtù. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì: ta ni ó ni ohun yìí, kí ni a sì ní àṣẹ láti yí padà lára rẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Rọ́bà àlẹ̀mọ́ tí ẹ̀rọ tẹ̀ wà lọ́jà. Ọjọ́ kan péré ni a ó fi ha ti àtijọ́ dànù, tí a ó lẹ tuntun mọ́ ọn, yóò sì dán ju bí ó ti rí rí lọ. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí pákó bá ti ṣófo pátápátá, tí kò sí ojú ọ̀dà kan tí ó kù, kò sí ẹni tí aṣọ tuntun yóò pa lára, bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò bá ti purọ́ pé ti àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìdajì bá ṣì kù, ìdajì òótọ́ sàn ju odidi àfarawé lọ. Àfarawé lè dúró di ọ̀la. A lè tẹ̀ ẹ́ nígbàkigbà. Èyí tí a bá ha dànù kò ní padà mọ́ láéláé.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti padà sí Adjamé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí ń fi ọwọ́ kun àwòrán sára ọkọ̀ àti sára páálí onígbàjámọ̀. Títí di ìsinsìnyí, títún kùn kò pa àwòrán wọn lára, nítorí pé ọwọ́ ṣì wà tí ó lè ya òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ kò bá sí mọ́ lẹ́yìn ọ̀gá, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwòrán tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbaka kan yóò jẹ́ ìkẹyìn irú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ìwà tí ó ti ń jẹ́ títọ́jú láti àárọ̀ yóò di bíbàjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí agogo tí yóò lù láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé àsìkò ti yí padà. Àwọn tí ó kun àpótí eré ní ọdún 1980 kò mọ̀ pé ohun àtọ́jú ni àwọn ń ṣe. Ohun tí ó yẹ ni kí a ya fọ́tò ara àwọn ọkọ̀ náà nísinsìnyí, kí a sì gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan tàbí méjì pamọ́ kí wọ́n tó di irin àlòkù.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò jìnnà sí èyí. Ọmọ tí ó kọ àròkọ tí ó kún fún àṣìṣe ti ya àwòrán kan. Olùkọ́ tí ó bá fi yíǹkì pupa kọ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun ti dá aṣọ tuntun fún un, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń kọ ìjálá sílẹ̀ láti inú téèpù tí ó ti gbó, tí ó dé ibi tí ohùn ọdẹ ti rá, ó lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí ojú ihò náà kí ó lè dùn. Ó sì lè fi àmì tótótó mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀. Àmì mẹ́ta yẹn kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ó bá rí téèpù mìíràn tàbí tí etí rẹ̀ mú jù, yóò mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ọ̀rọ̀ àdábọwọ́ a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.